Ìdúró Òwúrọ̀ Nílé-iṣẹ́ Ọṣẹ

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ wọ ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yẹn, ibi tí kò yẹ kó dúró sí gan-an ló lọ dúró sí. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó fi bàtà tuntun tẹ omi tó ń ṣàn lábẹ́ tábìlì tí àwọn obìnrin ti ń fi bébà wé ọṣẹ, ó sì bi olórí wọn léèrè pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù lọ nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Obìnrin náà kò gbójú sókè. Ó wé ọṣẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tò ó sínú páálí, ó ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ ti dí ọ̀nà páálí."

Ẹ̀rín sọ. Gígùn, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ, tí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà, ní kí wọ́n kúkú bá àlejò gbé àga wá, kó lè jókòó sójú ọ̀nà náà dáadáa. Àlejò bá wọn rẹ́rìn-ín, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì tún béèrè pé lẹ́yìn òun, kí ló kù?

Ọ̀rọ̀-Kan ni gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pe obìnrin yìí, nítorí tó bá ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í tún un sọ. Ó tọ́ka sílẹ̀. Omi yẹn ni. Láti ìgbà tó ti débẹ̀ ló ti ń dúró sínú rẹ̀. Ó rántí òjò ọdún tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bó, tó ń fi ọ̀rá wé ẹsẹ̀ kó tó ki bàtà bọ̀ ọ́. Ó rántí obìnrin tó yọ̀ ṣubú níbẹ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ sì ká. Gbogbo ọ̀gá tó ti jẹ níbẹ̀ ló rí omi náà. Gbogbo wọn ló fò ó kọjá.

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ sínú omi pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mú bí ọ̀bẹ, ó yọjú wo abẹ́ tábìlì, ó fọwọ́ tọ ògiri lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Nígbà tó dìde, orúnkún rẹ̀ ń kán tótó.

"N kò mọ ibi tó ti ń wá," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ wá a."

Bí ìfẹ́ bá ní ẹnu ọ̀nà, ibẹ̀ ló gbà wọlé sọ́kàn Ọ̀rọ̀-Kan. Kò mọ̀ nígbà náà. Ohun tó ṣáà mọ̀ ni pé òun kò tíì gbọ́ kí ọ̀gá kankan la ẹnu sọ pé òun kò mọ nǹkan.

Olú ilé-iṣẹ́ ló rán ọkùnrin náà wá, iṣẹ́ tí wọ́n sì rán an kò ṣòroó ṣàlàyé. Wọ́n fẹ́ kí ilé-iṣẹ́ máa tún ara rẹ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, láì dáwọ́ dúró. Ó gbé pátákó ńlá kan kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àbáwọlé. Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dúró síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó lánàá á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí apá òsì, ì báà jẹ́ àṣìṣe ọwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ní apá ọ̀tún, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i àti ẹni tó máa ṣe é. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹ̀sùn kò gbọdọ̀ sùn láìní èsì. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí rárá pẹ̀lú ìdí rẹ̀, tàbí pé a ṣì ń wá a. Ìdúró Òwúrọ̀ ni wọ́n pè é. Ọkùnrin náà ni wọ́n sì ń pè ní Onípátákó.

Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, ekòló ń bà á lẹ́rù. Onípátákó wá bá Ọ̀rọ̀-Kan pé tó bá kọ, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. Òun náà bi í pé tí ohun tí àwọn kọ bá di okùn sí àwọn lọ́rùn lẹ́yìn ọ̀la ńkọ́? Onípátákó ní kò sí ohun tó jọ ọ́, nígbà tí òun wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀-Kan rò ó títí. Lẹ́yìn náà ló kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ sẹ́yìn sítọ́ọ̀.

"Ohun tí ẹ bá kọ síbẹ̀ kò ní di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn," ó ní. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Ó tó wọn. Ìyá Ìbejì, tó ń tẹ òǹtẹ̀ sára ọṣẹ, ló kọ́kọ́ mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ọ́ pé bébà tí wọ́n fi ń wé ọṣẹ jìnnà jù, pé ìrìn tí àwọn ń rìn láti lọ mú un tó ìrìn àjò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, bébà ti wà nítòsí. Nígbà tí wọ́n wá ríbi tí omi ti ń wá, páìpù kan tó sán sínú ògiri ẹ̀yìn, tí wọ́n tún un ṣe, tí ilẹ̀ sì gbẹ, àwọn obìnrin náà ń wo ilẹ̀ gbígbẹ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Ìyá Ìbejì ní ẹsẹ̀ òun ti sọ fún òun pé kí òun bá a dúpẹ́.

Nírọ̀lẹ́, Onípátákó a máa dúró de Ọ̀rọ̀-Kan lẹ́nu géètì, wọ́n á jọ rìn dé ibùdókọ̀. Ọkùnrin náà ló ń sọ̀rọ̀, bí ẹni fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán kí ọkọ̀ tó dé. Ọ̀rọ̀-Kan á máa gbọ́. Inú rẹ̀ ń dùn, ìdùnnú náà sì ń dẹ́rù bà á, torí kò mọ̀ ọ́n rí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ òrùlé ibùdókọ̀, ọkùnrin náà ṣàdédé dákẹ́. Ó wá ní, "O mọ̀ pé torí kí n má baà dákẹ́ ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀ púpọ̀? Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá dákẹ́, wàá gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ìwọ ni. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kí a fẹ́ra wa."

"Mo gbọ́," ni Ọ̀rọ̀-Kan wí.

Ọkùnrin náà dúró de èyí tó kù títí ọkọ̀ fi dé. Kò sí èyí tó kù. Ọ̀rọ̀-Kan wọkọ̀, ó lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ pọ́n, ó rọra béèrè pé mo gbọ́ yẹn, èwo ni nínú bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́?

"Òfin rẹ kọ́ ni pé ẹ̀sùn kì í sùn láìní èsì? Tìrẹ ti sùn lẹ́ẹ̀kan, má bínú. Bẹ́ẹ̀ ni."

Àwọn obìnrin yòókù wé ọṣẹ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan. Kó tó di ọ̀sán, géètì ti gbọ́.

Bàbá Ọ̀rọ̀-Kan ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ kan náà rí. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, ariwo ẹ̀rọ sì ti jẹ etí òsì rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Onípátákó wá rí i nílé, bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tú rédíò sílẹ̀ sórí ìwé ìròyìn, ó ń fi bùrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku inú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, jókòó sórí àga kejì láti fojú wọn àlejò láti òkè délẹ̀.

Inú bàbá dùn títí ó fi béèrè irú iṣẹ́ tí àlejò ń ṣe. Nígbà tó gbọ́, ó fi bùrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Ó ní irú wọn mẹ́ta ló wá nígbà tòun. Èkíní pín fìlà fún wọn. Èkejì kọ́ wọn lórin tí wọ́n á máa kọ láràárọ̀. Ẹ̀kẹta, èèyàn dáadáa ni, òun sì gbà á gbọ́. Ó ní kí wọ́n máa sọ òótọ́. Òun sì sọ òótọ́: òun sọ pé nọ́ọ̀tì kan tí òun kò dè le tó ló jẹ́ kí ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ọṣẹ máa jò. Èèyàn dáadáa yẹn bọ òun lọ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Ọ̀gá tó dé lẹ́yìn rẹ̀ gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ òun, ó fún òun ní ìgbálẹ̀.

"Ọmọ mi," bàbá ní, "o rántí ọdún tí o ń wọ bàtà ẹ̀gbọ́n rẹ lọ sílé-ìwé?"

Ọ̀rọ̀-Kan rántí. Ìwé ìròyìn ló ń ki sí iwájú bàtà náà kó má baà bọ́ lójú ọ̀nà, tí òjò bá sì rọ̀, ìwé náà á di ẹrẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Òun kò mọ̀ rí pé nọ́ọ̀tì kan ló fà á.

"Iná ewé ni wọ́n," bàbá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ó ń jó fòfò, ojú gbogbo wa á mọ́lẹ̀ kedere. Ẹ ò tíì rí nǹkan sè lórí rẹ̀ tí á fi kú." Ó yíjú sí àlejò. "Ilé-iṣẹ́ tí o kọ́kọ́ ṣe irú èyí sí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é báyìí?"

Onípátákó ní ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìdérí ìgò ni, ó wà lójú ọ̀nà kejì ìlú, ó sì ń lọ dáadáa gan-an.

"Ìgbà wo lo débẹ̀ kẹ́yìn?"

Ọkùnrin náà ní òun kò tíì débẹ̀ láti ọjọ́ tí òun ti kúrò. Àǹtí ní òun ti rí ẹni tó bímọ sílẹ̀ tí kò sì wẹ̀yìn, òun kàn kò tíì rí èyí tó ń fi ọmọ ọ̀hún yangàn rí.

"Lọ wò ó," bàbá ní. "Kí ọmọ mi bá ọ lọ. Tí ẹ bá dé, a óò sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó."

Wọ́n lọ. Aṣọ́géètì ilé-iṣẹ́ ìdérí ìgò dá Onípátákó mọ̀, ó rọ̀ mọ́ ọn, ó ní àwọn kò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n wọlé, Onípátákó ń wo ògiri tó ti gbé pátákó kọ́ sí. Ìṣó mẹ́rin ló kù lára rẹ̀. Ó béèrè, wọ́n ní kó bi ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́.

Pátákó náà wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Wọ́n ti fi í ṣe afárá sórí gọ́tà. Ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ fi ọ̀dà kọ sórí rẹ̀, OHUN TÓ KÙ DÍẸ̀ KÁÀTÓ, ṣì hàn lábẹ́ ẹrẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é?" ìyá náà ní. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó lágbára. Gbogbo wa ló ń gbabẹ̀ kọjá, títí kan ọkùnrin tó ń ru àpò, kò tíì kán."

Onípátákó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kò sí ìjà, kò sí asọ̀. Ẹni tó ń darí ìdúró lẹ́yìn Onípátákó ni wọ́n gbé ga, ó lọ. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ní ṣáà, ẹ rí i pé ẹ kọ nǹkan síbẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n ń kọ ọ́ pé kò sí ìṣòro. Wọ́n kọ ọ́ títí ṣọ́ọ̀kì fi tán, kò sì sẹ́ni tó ra òmíràn.

Nínú ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ padà, ọkùnrin tí kì í dákẹ́ náà dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo rò pé ilé ni mo kọ́. Àtíbàbà ni mo ta."

Àánú rẹ̀ ṣe Ọ̀rọ̀-Kan dé ọkàn, ṣùgbọ́n kò tù ú nínú. Àwọn obìnrin tó fún ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn sítọ́ọ̀ ló ń rò.

"Láti ọ̀la," ó ní, "má wá síbi Ìdúró Òwúrọ̀ mọ́."

Onípátákó wò ó bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

"O ṣì wà nílé-iṣẹ́, a lè tọ̀ ọ́ wá. Àmọ́ orí rẹ nìkan ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Mo fẹ́ rí i bóyá ó lẹ́sẹ̀ tirẹ̀."

Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí kò wá, àwọn díẹ̀ ló dúró. Wọ́n ń wo ara wọn. Gígùn béèrè pé ta ló kú. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan, wọ́n tú ká. Ọ̀rọ̀-Kan gbéra. Ó lọ láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ó pín in fún wọn ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló máa darí ìdúró nígbà tó bá kàn án, ẹni tó lẹ́nu àti ẹni tí kò lẹ́nu. Nígbà tó kan Ìyá Ìbejì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ṣọ́ọ̀kì mì. Ní ìgbà kejì, ó ti ń pàṣẹ fún Gígùn pé kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran. Wọ́n ṣe é, wọ́n ṣì í, wọ́n tún un ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìgbà náà ni olú ilé-iṣẹ́ pe Onípátákó pé kó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní ìlú míì, ibi tó jìnnà. Wọ́n máa gbé e ga, wọ́n máa fún un ní ọkọ̀. Wọ́n sì ń gbé máníjà ilé-iṣẹ́ ọṣẹ náà kúrò; ẹlòmíràn ń bọ̀.

Ó wá sọ ọ́ ní ibùdókọ̀. Ó ní, "Àyànfẹ́ mi, jẹ́ ká ṣègbéyàwó kíákíá, kí o bá mi lọ."

Ọkàn Ọ̀rọ̀-Kan fẹ́ ẹ. Kò purọ́ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun ti fún àwọn èèyàn òun ní ọ̀rọ̀ òun, òun kò sì lè fi wọ́n sílẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tí òun kò tíì rí. Ó wá béèrè ohun tó ti ń dùn ún láti ọjọ́ gọ́tà.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé àtíbàbà míì lo fẹ́ lọ ta?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Onípátákó. Ó ní òun kò mọ̀ pé ojú tí Ọ̀rọ̀-Kan fi ń wo òun nìyẹn. Ó yí padà, ó fẹsẹ̀ rìn lọ, kò dúró de ọkọ̀. Ọ̀rọ̀-Kan jókòó sí ibùdókọ̀ náà títí ọkọ̀ kan fi lọ, tí òmíràn sì tún lọ, kó tó rántí pé òun ń lọ sílé.

Máníjà tuntun kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó fẹ́ràn kí ibi iṣẹ́ mọ́, ó sì fẹ́ràn kí ẹni tó bá ṣe àṣìṣe jìyà rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó dé, Ìyá Ìbejì kọ ọ́ sórí pátákó pé òun jẹ́ kí òǹtẹ̀ gbóná jù, pé ọṣẹ púpọ̀ yọ́, àti pé ó yẹ kí wọ́n ya páálí àná sọ́tọ̀ kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Wọ́n yà á sọ́tọ̀. Máníjà sì ya Ìyá Ìbejì náà sọ́tọ̀. Ó gbà á nídìí òǹtẹ̀, ó ní kó lọ máa ru páálí nínú ọgbà, lójú oòrùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pátákó mọ́ tónítóní. Kò sẹ́ni tó kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n dúró, wọ́n kí ara wọn, wọ́n tú ká. Kò sẹ́ni tó bá Ọ̀rọ̀-Kan wí. Ìyẹn gan-an ló pa á lára jù.

Nírọ̀lẹ́, ó jókòó ti bàbá rẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń retí kí bàbá sọ pé ṣebí mo ti wí. Bàbá kò wí bẹ́ẹ̀. Ó bi í pé kí ló fẹ́ ṣe.

"N óò lọ bá a."

Bàbá gbé orí rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ etí tó ṣì ń gbọ́ràn. "Èmi kò lọ bá tèmi," ó ní. "Mo gba ìgbálẹ̀ náà, mo sì ń gbálẹ̀. Lọ, ọmọ mi."

Ó lọ. Ó dúró níwájú tábìlì máníjà, ó ṣàlàyé. Ó ní ẹni tó bá lu ẹni tó pariwo iná, eérú ló máa kọ́kọ́ rí lọ́jọ́ mìíràn. Máníjà gbọ́ ọ parí, ó ní ilé-iṣẹ́ kò lè máa fi ọwọ́ pa àṣìṣe lórí. Ọ̀rọ̀-Kan kò jiyàn. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun ń tọrọ: kí máníjà fúnra rẹ̀ wá darí Ìdúró Òwúrọ̀, lójoojúmọ́, títí ọ̀sẹ̀ máa fi parí. Máníjà rò pé ohun kékeré ni. Ó gbà.

Ó darí rẹ̀. Pátákó mọ́. Ó darí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, pátákó mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó yìn wọ́n, ó ní òun kò rí ilé-iṣẹ́ tí kò ní ìṣòro bí èyí rí. Wọ́n dúpẹ́. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Kó tó dé ọ́fíìsì rẹ̀, nǹkan dún gbàmù níbi ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ. Bẹ́líìtì ńlá rẹ̀ ti já, ó na ògiri bí pàṣán, ó sì bu ègé kan kúrò lára rẹ̀, níbi tí Gígùn ti kúrò láìpẹ́. Gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́.

Máníjà sáré padà, ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni fara pa. Wọ́n ní rárá. Ó wo etí bẹ́líìtì náà, ó ti gbó, ó ti fà ya tipẹ́.

"Ta ló mọ̀ sí èyí?"

"Èmi ni, sà," ni Gígùn wí. "Ó ti ń ya láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Kí ló dé tí o kò kọ ọ́?"

Gígùn wo ilẹ̀. "Ìyá Ìbejì kọ tirẹ̀, sà."

Máníjà wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bóyá ohun mìíràn tún wà tí àwọn mọ̀. Wọ́n ń wo bàtà wọn.

"Wọn kò ní sọ, sà," ni Ọ̀rọ̀-Kan wí. "Èmi náà kò ní sọ fún wọn pé kí wọ́n sọ, níwọ̀n ìgbà tí Ìyá Ìbejì bá wà nínú ọgbà."

Máníjà fi bẹ́líìtì náà sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jáde sínú oòrùn. Nígbà tó padà, Ìyá Ìbejì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu òógùn, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Máníjà mú ṣọ́ọ̀kì. Ó kọ ọ́ sí apá òsì: *Mo fìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́.* Ó kọ ọ́ sí apá ọ̀tún: *A ti dá a padà sídìí òǹtẹ̀. Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.*

Ìyá Ìbejì rọra kà á tán. Ó ní, "Ẹ kò tíì kọ orúkọ ẹni tó máa rí sí i, sà."

Máníjà kọ ọ́: *Máníjà.* Gígùn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, gbogbo ilé bá a rín in. Kó tó di ìparí ọjọ́ náà, àyè tán lórí pátákó, wọ́n ń kọ ọ́ sára ògiri.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, Ọ̀rọ̀-Kan délé, ó bá Onípátákó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó di iná bàtìrì mú fún un kó lè rí inú rédíò. Ọkùnrin náà ti rù. Àǹtí ní àlejò ti jókòó títí kó tó ráyè sọ̀rọ̀, torí àwọn kò fún un láyè.

Onípátákó ní òun lọ sí ìlú tí wọ́n rán òun sí, òun gbé pátákó síwájú òun, òun kò lè kan ìṣó mọ́ ọn. Òun sọ fún olú ilé-iṣẹ́ pé òun kò bẹ̀rẹ̀ òmíràn mọ́. Kí wọ́n jẹ́ kí òun máa yípo àwọn tí àwọn ti bẹ̀rẹ̀, kí òun máa wo èyí tó ń kú lọ. Wọ́n ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ọkọ̀, kò sì ní oyè. Òun ní òun fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ yìí wà lára àwọn tí òun á máa yípo, ìdérí ìgò sì ni òun fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó ti wá dúró?" bàbá béèrè.

"Kò tíì dúró, sà. Ó ń dìde, ó ń ṣubú. Mo débẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, n óò tún lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn ni mo máa ń dúró sí."

Bàbá wò ó. Ó gba iná lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kí Àǹtí wá bá òun dì í mú, nítorí ọ̀rọ̀ wà láàárín àna òun àti ọmọ òun. Ọ̀rọ̀ tó fi pe ọkùnrin náà dún yàtọ̀ nínú yàrá. Àǹtí dìde láìjiyàn, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Àwọn méjèèjì bọ́ sí ìta.

"O kò pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo," ni Ọ̀rọ̀-Kan wí.

"Mi ò fẹ́ fi ẹnu lásán pè ọ́. Òótọ́ lo sọ fún mi, mo sì bínú sí i. Má bínú, ayọ̀ mi. Ṣé o ṣì fẹ́ mi?"

Ọ̀rọ̀-Kan ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ tó fẹ́ sọ fún un, ó ti tò wọ́n jọ láti oṣù wọ̀nyẹn wá. Nígbà tó wo ojú rẹ̀, gbogbo wọn fò lọ.

"Mo ti dáhùn nígbà kan," ó ní. "N kì í tún un sọ."

Wọ́n ṣègbéyàwó. Ìyá Ìbejì sunkún ju ẹbí lọ, Gígùn forí gbá àtẹ́rígbà lẹ́ẹ̀mejì. Tọkọtìyàwó gba ìsinmi, wọ́n sì pa fóònù.

Lẹ́yìn ìsinmi, wọ́n jọ padà sí ilé-iṣẹ́ ní òwúrọ̀. Ọkọ̀ pẹ́ kó tó já wọn sílẹ̀, Ìdúró Òwúrọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Ọmọbìnrin kan tí Ọ̀rọ̀-Kan kò mọ̀ rí, tuntun ni, ló ń darí rẹ̀. Gígùn ń bá máníjà jiyàn lórí bẹ́líìtì. Máníjà ní rárá, Gígùn ní kó kọ ìdí rẹ̀, ó sì ń kọ ọ́. Ìyá Ìbejì rí àwọn méjèèjì, inú rẹ̀ dùn, ó fi àgbọ̀n tọ́ka sẹ́yìn fún wọn pé kí wọ́n lọ dúró síbẹ̀, ó sì yíjú padà síbi ọ̀rọ̀ tó ń lọ.

Kò sẹ́ni tó dáwọ́ dúró nítorí wọn.

Ọ̀rọ̀-Kan dúró lẹ́yìn gbogbo èèyàn. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i pé omi wà lójú tirẹ̀ náà, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọmọbìnrin tuntun náà kà á jáde pé ẹni tí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kàn ni olórí àwọn tó ń wé ọṣẹ, tó bá ti dé láti ìgbéyàwó.

"Mo ti dé," ni Ọ̀rọ̀-Kan wí.

"Ẹ káàbọ̀, mà," ọmọbìnrin náà ní, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì béèrè ẹni tó tún ní nǹkan láti sọ.